Tíṣà Tí Kò Lè Wí Pé Òun Kò Jẹ Òkété

Nígbà tí ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àwọn ìlú kéékèèké, wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Abíọ́nà lọ sí Odò-Àfà, láti máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì ju ọdún kan lọ tí òun náà jáde ilé-ìwé, ojú sì máa ń tì í púpọ̀. Bí ènìyàn méjì bá dúró lójú ọ̀nà tó fẹ́ gbà, yóò yà gba ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé lẹ́yìn ìkíni kò mọ ohun tí ènìyàn tún ń sọ. Yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé ni wọ́n fún un. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé tán, ìró ẹsẹ̀ alángbá lórí páànù nìkan ló kù tí ó ń bá a gbélé.

Inú kíláàsì nìkan ni ọ̀rọ̀ ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni ti gbólóhùn tó gbà àti gbólóhùn tó kọ̀. Yóò fi ẹfun fa ìlà sí àárín pátákó, yóò kọ “I eat yam” sí apá kan, pé mo ń jẹ iṣu, yóò sì kọ “I do not eat yam” sí apá kejì, pé n kò jẹ ẹ́. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí gbólóhùn tí ènìyàn kò lè yí padà, bó ti wù kó gùn tó. Àwọn ọmọ a sì máa yí i: n kò ní ewúrẹ́, n kò mọ Èkó. Ọmọ kan tí ẹnu rẹ̀ mú dìde lọ́jọ́ kan, ó ní òun kò fẹ́ràn ilé-ìwé, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, tíṣà náà sì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Abíọ́nà fúnra rẹ̀ kò tíì kọ nǹkan kan lójú ẹnikẹ́ni rí. Ilé àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ló ti dàgbà, lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ kú. Ọmọ tó bá sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ohun tí wọ́n bá fún un ló ń gbà. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ dájú nípa bàbá rẹ̀ ni pé ilé wọn kì í jẹ òkété, òun náà kò sì jẹ ẹ́ rí.

Ní Odò-Àfà, àlejò kì í dáná. Ilé dé ilé ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un, oníkálukú ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni ti Ìyá Adéwùsì, opó kan tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo bá wọn lọ ṣiṣẹ́ ojú irin láti ọdún mẹ́fà, tí kò tíì ránṣẹ́ sílé. Ọjọ́ tí ìyá yìí kọ́kọ́ wá, iyán àti ọbẹ̀ òkété ló gbé sílẹ̀. Ó bi tíṣà léèrè bóyá ó ń jẹ òkété.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Ojú ìyá náà tàn. Ó ní òkété ni Adéwùsì òun náà fẹ́ràn jù láyé. Ó béèrè bóyá kí òun máa wá lọ́jọọjọ́ ọjà. Tíṣà tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ó lè máa bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti ń jẹun. Ọkàn Abíọ́nà ń fẹ́ kí ó jókòó, ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó, yóò rí i pé ẹran náà kò kan ẹnu. Ó purọ́ pé òun fẹ́ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ìyá dìde, ó lọ.

Nígbà tí ìyá kẹ̀yìn, Abíọ́nà fi ewé di òkété náà, ó gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ìbẹ́pẹ, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ó ti mọ ìrìn ìyá náà, bó ṣe máa ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀ kó tó sọ igbá kalẹ̀. Òun nìkan ló ń bá tíṣà sọ̀rọ̀ tó ju ìkíni lọ ní ìlú náà, síbẹ̀ tíṣà fúnra rẹ̀ ló ń tètè lé e lọ. Àwọn ọdẹ pàápàá ti ń fi òkété pamọ́ fún ìyá, wọ́n ní ti tíṣà ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń roko, ọkọ́ wọn kan ìdí ìbẹ́pẹ. Wọ́n hú ewé kan jáde, wọ́n tún hú òmíràn, egungun òkété ló wà nínú wọn. Ìyá Adéwùsì tó wá gba igbá rẹ̀ bá wọn níbẹ̀.  Ó kàn rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún tíṣà ni pé ní Odò-Àfà, ẹni tó bá kú sí ìrìn-àjò tí wọn kò rí òkú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi ewé di oúnjẹ tó fẹ́ràn fún, tí wọ́n sì ń sin ín. Tíṣà ti ń sin ọmọ ìyá náà láti oṣù mẹ́ta.

Wọ́n pe ẹjọ́ náà sí iwájú Baálẹ̀. Ọ̀gá Jeremáyà, olórí ilé-ìwé, dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ọmọdé ni, pé ojú ló ń tì í, pé bóyá oúnjẹ náà ló pọ̀ jù. Baálẹ̀ ní kí ó jókòó.

“Ẹnu tí wọ́n gbé oúnjẹ fún ni mo fẹ́ gbọ́.”

 Abíọ́nà ń wo èédú tó wà ní àtàǹpàkò ìyá náà.

“Méè jẹ òkété, Ìyá,” ó wí, bí àwọn ará Odò-Àfà ṣe máa ń wí i. “Èèwọ̀ ilé bàbá mi ni. N kò mọ̀ pé òkú la ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ìyá náà yíjú sí i.

“O ò bá ti wí. Ẹ̀fọ́ kò wọ́n mi.” Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. “Mo bi ọ́ pé ṣé kí n máa wá, o ní bẹ́ẹ̀ ni.”

“Òótọ́ ni ìyẹn, Ìyá.”

“Báwo ni n ó ṣe mọ̀? ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ kan náà lo fi dá mi lóhùn lórí méjèèjì.”

Ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ.

Baálẹ̀ kò dá tíṣà lẹ́bi. Ó kàn pàṣẹ pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún àlejò gbọ́dọ̀ bi í léèrè, kí àlejò sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Àwọn ìyàwó ilé sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀: “Tíṣà, ilá rèé o. Ṣé kí n gbé e wọlé ni, àbí kí n bá ọ gbẹ́ ilẹ̀?” Díẹ̀díẹ̀, Abíọ́nà kọ́ bí a ṣe ń wojú ènìyàn, kí a sì wí pé méè jẹ. Kò sí ẹni tó bínú sí i.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà, Ìyá Adéwùsì kò wá mọ́. Abíọ́nà a máa gbé àpótí ìjókòó kejì sí ẹnu ọ̀nà, a sì máa tẹ́tí títí oòrùn yóò fi wọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ó lọ dágbére fún Ìyá Adéwùsì. Inú ilé ni ìyá ti dáhùn pé ó dàbọ̀. Tíṣà dúró díẹ̀ nídìí ògiri, bóyá ìyá yóò jáde. Nígbà tó pẹ́, ó gbé àpótí rẹ̀ lérí, ó sì bá ọ̀nà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu àwọn ará Odò-Àfà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹnu ẹni la fi ń kọ “méè jẹ.”