Omíyalé àti Àárọ̀ Kùrukùru Lórí Agbóòrùnlọ

Ogun ti dé ẹ̀yìnkùlé àwọn ará Ìsàlẹ̀-Àpáta kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Arógunmásàá, jagunjagun tó ti sọ ìlú púpọ̀ di ahoro, ti dáná sun oko wọn, ó sì ti dí gbogbo ọ̀nà orí ilẹ̀. Ẹni tó bá mú, ẹrú ni. Ẹni tí kò bá lè rìn, oúnjẹ igún ni. Ibi kan ṣoṣo tí ogun kò sí ni iwájú wọn, níbi tí adágún tí wọ́n ń pè ní Agbóòrùnlọ tẹ́ sí láàárín àpáta gàgàrà. Omi rẹ̀ jìn, ó sì tutù débi pé ẹni tó bá ṣubú sínú rẹ̀ kì í pẹ́ tí apá rẹ̀ fi ń kú, bó ti wù kó mọ lúwẹ̀ẹ́ tó. Kùrukùru ọyẹ́ bo ojú adágún náà bí aṣọ. Kùrukùru yìí ni ààbò wọn, nítorí bó bá ká, àwọn oníbọn tó wà létí omi yóò máa yìnbọn pa wọ́n bí ẹyẹ. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ní láti gba àlàfo tóóró kan kọjá láàárín àpáta méjì ní òdìkejì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ kí n ṣàlàyé àṣà kan, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n run. Láàárín àwọn èèyàn yìí, ọkọ̀ àgbà ló ń ṣíwájú lórí omi. Ọmọdé tó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ti àgbà ti sọ fún ayé pé àgbà náà ti kú. Omítóògùn ló dàgbà jù nínú àwọn atukọ̀, òun ló sì wà níwájú. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀ ni ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Omíyalé, a-fọwọ́-bọmi-mọ̀nà, abẹ́rẹ́ bíńtín tí adìyẹ ò lè gbé mì. Àwọn ọkọ̀ yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn ìyá sì fọwọ́ bo ẹnu ọmọ wọn.

Omíyalé mọ ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀: ojú bàbá rẹ̀ ti ń lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá a bo àṣírí náà, tó ń jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó wá gbọ́n omi, tó sì ń sọ ọ̀nà sí i létí jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, èrò pọ̀ ju atukọ̀ lọ, wọ́n sì ti fún un ní ọkọ̀ tirẹ̀ láti wà.

Nígbà tí wọ́n rìn jìnnà, ó ti ọwọ́ bọ omi. Ó mọ̀ pé orísun kan ń tú jáde lábẹ́ àpáta lẹ́bàá àlàfo náà, omi ibẹ̀ ló sì tutù jù. Bí wọ́n bá ń sún mọ́ ọn, ó yẹ kí òtútù máa le sí i. Ṣùgbọ́n omi náà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Bó ti ń rò ó lọ́wọ́, ẹṣin kan yán níwájú wọn.  Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Àpáta kò ní ẹṣin. Ọ̀dọ̀ Arógunmásàá ni wọ́n ń padà lọ.

Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ti bàbá rẹ̀, ó ní, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n kọjá síwájú.”

“Ṣé mo ti kú ni?”

“Ẹ ò tíì kú, bàbá. Ọ̀dọ̀ ikú lẹ ń kó wa lọ.”

Lágbàyí, ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, tó kó gbogbo agboolé rẹ̀ sínú ọkọ̀ kẹta, rẹ́rìn-ín lábẹ́ imú. “Omítóògùn, o kúkú ti bí ìyá ara rẹ. Ní kó pọ̀n ọ́ dé òdìkejì.”

 Omíyalé kọjú sí bàbá rẹ̀. “Tí a bá débẹ̀, kí ẹ nà mí níwájú gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná.”

 Bàbá rẹ̀ gbé àjẹ̀ rẹ̀ lé orí itan, ó ju okùn ọkọ̀ rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ kí àwọn tó wà nítòsí lè gbọ́. “Ojú mi ti lọ. N kò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Ẹ tẹ̀ lé e.”

Wọ́n yí ọkọ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lágbàyí nìkan ni kò yí. Ó ní òun kò ní máa wo ìdí ọkọ̀ ọmọdé kiri, pé ojú tòun kò tíì lọ, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ tààrà. Kò sí ẹni tó lè pariwo pè é, nítorí ariwo yóò tú gbogbo wọn fó. Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ ìró ìbọn lẹ́yìn. Ìyàwó Lágbàyí kígbe lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

 Omíyalé fi ọwọ́ kan tukọ̀, ó ti èkejì bọ omi, ó ń wá òtútù bí ọmọ ṣe ń wá ọmú lókùnkùn. Nígbà tí ọwọ́ náà kú, ó pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí méjèèjì kò mọ nǹkan kan mọ́, ó gbé àjẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í, ó dojú bolẹ̀ ní iwájú ọkọ̀, ó sì ń fi ètè kan omi. “Apá ọ̀tún,” ó ń wí. “Ẹ rọra. Apá ọ̀tún síbẹ̀.” Kùrukùru ti ń fúyẹ́, àwọ̀ oòrùn sì ti ń yọ nínú rẹ̀, nígbà tí omi gbóná lẹ́nu rẹ̀ bí iná nítorí òtútù, tí òjìji àpáta méjì sì bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

Ẹnu-Òtútù ni ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sí lẹ́yìn àlàfo náà. Ìka Omíyalé méjì kò nà mọ́ títí ó fi kú, bàbá rẹ̀ kò sì nà án. Lórí ilẹ̀, àgbà ṣì ń ṣíwájú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ wọ ọkọ̀, àgbà ni yóò kọ́kọ́ béèrè pé, “Ta ló mọ̀nà?” Ẹni tó bá dáhùn, ìbáà jẹ́ ọmọ àná, iwájú ni yóò jókòó.

Ohun mìíràn wà lẹ́nu àlàfo náà: ọkọ̀ òfìfo kan tí wọ́n so mọ́ gbòǹgbò igi, tí wọ́n kọ iwájú rẹ̀ sí ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Àpáta. Bí ó bá jẹrà, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Omíyalé fúnra rẹ̀ ló so ti àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn sọ fún un pé agboolé Lágbàyí ti ṣègbé, pé kò sí ẹni tí yóò wá gbé ọkọ̀ náà. Ó so okùn náà tán kó tó dáhùn.

Ó ní, “Wọn ò mọ̀nà ni. Ẹni tí ò mọ̀nà kì í tètè dé.”