Ẹni Tó Dúró fún Un Rí

Oyèkúnlé, gbọ́ ìtàn kan. Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó kógbá sílé. Ayálégbé ni òun àti ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó yìí ti gbàyè lọ́wọ́ onílé, ó mọ ààrò búrẹ́dì ńlá kan sí ẹ̀yìnkùlé, ara ààrò náà sì ni wọ́n ti ń jẹun láti ìgbà tí iṣẹ́ ọkọ ti bọ́. Nígbà tó yá, onílé kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ ta ilé náà. Wọ́n ní bí ọkùnrin yìí bá lè rówó rà á kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun ni àwọn yóò tà á fún. Bí kò bá rí i, ẹnì kan ti wà nílẹ̀ tó fẹ́ wó ẹ̀yìnkùlé yẹn, kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ààrò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé rù lọ sílé mìíràn. Bí wọ́n bá wó o, ebi dé nìyẹn.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní ìlú náà tó máa ń yá èèyàn lówó láti fi ra ilé. Ilé náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ohun ìdógò, ẹni tó yáwó á sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò níṣẹ́ náà lè yá a, bó bá ti rí èèyàn gidi tó máa ṣe onídùúró rẹ̀. Àmọ́ orúkọ ọkùnrin yìí kò mọ́ tó lọ́dọ̀ wọn. Ó ti yáwó níbẹ̀ rí láti fi ra alùpùpù, ó san díẹ̀, ó pa ìyókù tì. Aránṣọ kan tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí ló dúró fún un nígbà náà, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ gbà dípò gbèsè. Ọkùnrin wa bá a kẹ́dùn lọ́jọ́ náà, ó ní òun á wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Kí wá ló ṣe? Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni. Ó wá onídùúró tuntun. Ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé kan àti ẹnì kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì, èèyàn pàtàkì ni wọ́n, wọn kò sì mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n gbà. Ó gbé agbádá wọ̀, ó kó wọn lẹ́yìn bí ẹni tó ń lọ tọrọ ìyàwó, ó dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́.

Àgbà obìnrin kan ni alága wọn. Kò bi í léèrè iṣẹ́ rárá. Ó ní, "Ta ló dúró fún ẹ nígbà àkọ́kọ́?"

Ọkùnrin náà dárúkọ aránṣọ.

"Ṣé ó mọ̀ pé o wá síbí?"

Ó nawọ́ sí àwọn méjì tó kó wá.

"Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyí," ni alága wí. "Ẹni tó bá ti já wa kulẹ̀ rí kì í padà wá, àfi bí ẹni tó jìyà rẹ̀ bá bá a wá. Lọ pè é wá."

Tìbínú-tìbínú ló fi délé. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹgbẹ́ yẹn kò fẹ́ kí tálákà nílé lórí. Ìyàwó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Baálé mi, wọn ò ní kí ẹ mú owó wá. Èèyàn ni wọ́n ní kí ẹ mú wá." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ti alága lọ, nítorí ó mọ̀ pé wíwá owó rọ òun lọ́rùn ju kí òun lọ wo ojú aránṣọ yẹn.

Ó lọ ṣá. Ó bá aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, tó ń gán bọ́tìnnì sára aṣọ tí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rán. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé: onílé tó kú, òjò tó ń bọ̀, ààrò ìyàwó rẹ̀, ohun tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kó ṣe. Aránṣọ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilé ẹ lo wá sọ. Nígbà tí mo rí ẹ lókèèrè, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mi lo bá wá ni."

Ojú ti ọkùnrin náà gan-an. Ó dìde, kò tún bẹ̀bẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé búrẹ́dì ìyàwó rẹ̀ rù, òun tó ti jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́ rí, ó ń kiri. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ti di ìyá oníbúrẹ́dì?" Ó ta fún wọn. Owó tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń gbé e lọ fún aránṣọ nírọ̀lẹ́, kó fi dín owó ẹ̀rọ rẹ̀ kù. Kò dárúkọ ilé mọ́. Òjò ń ṣú, àwọn ọmọ onílé ń wá bèèrè, ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń sunkún, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ ilé fún aránṣọ.

Aránṣọ ló bèèrè fúnra rẹ̀ nígbà tó yá pé ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Ó tẹ̀ lé e lọ. Owó ẹ̀rọ kò tíì pé. Alága bi aránṣọ bóyá ó máa tún dúró fún ọkùnrin yìí.

"Rárá," ni aránṣọ wí. "Àyà mi ò gbà á mọ́."

Ọkùnrin náà ti ń dìde láti lọ nígbà tí aránṣọ fi kún un:

"Ṣùgbọ́n mi ò bá a jà. Ó ti mọ̀ pé èèyàn ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ dúró fún un, kó dúró."

Ọ̀gá ilé ìwé àti ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì dúró fún un, ìgbìmọ̀ yá tọkọtaya náà lówó, wọ́n sì ra ilé.

Oyèkúnlé, o wá bá mi pé o fẹ́ yáwó ní ilé ìfowópamọ́ láti fi ra ilé àkọ́kọ́ rẹ. O ní o kò níṣẹ́, o ní orúkọ rẹ kò dára lọ́dọ̀ wọn, o ní kí n bá ọ wá ẹni ńlá tí yóò dúró fún ọ. Mo mọ àwọn ẹni ńlá. Mi ò ní mú ọ lọ bá ìkankan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó dúró fún ọ rí, tí wọ́n gba ọkọ̀ rẹ̀ nítorí gbèsè rẹ, ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, o kò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Lọ bá a. Bí o bá débẹ̀, má sọ̀rọ̀ ilé.