Jíìpù Tó Kọ̀ Láti Tẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan lórí òkè, níbi tí ọ̀nà ti burú débi pé ewúrẹ́ gan-an a máa rò ó kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní jíìpù àtijọ́ kan. Jíìpù yìí ló ń kó kòkó àwọn ará abúlé lọ sí ìlú, òun náà ló ń gbé aláìsàn àti aboyún lọ sí ọsibítù, nítorí ọkọ̀ mìíràn kì í gun òkè náà. Gbogbo èèyàn ló mọ ọkùnrin yìí mọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gbádùn kí wọ́n máa mọ òun.

Ohun tó gbé ẹ̀yìn jíìpù náà dúró ni sípíríǹgì, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ewé. Bí ẹrù bá wọlé, àwọn ewé náà a tẹ̀. Bí ẹrù bá sọ̀, wọn a tún gbé ara wọn sókè. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti rẹ̀ wọ́n. Bí kòkó bá kún inú ọkọ̀, ìdí rẹ̀ a wọlẹ̀, imú rẹ̀ a gbé sókè. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé bá sọ ọ́ ní Adìẹ Tó Ń Sàba. Bó bá ti ń kọjá, ọ̀kan nínú wọn a ké pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹyin mélòó ni adìẹ yín yé lónìí?"

Ẹ̀rín kì í pa èèyàn, ṣùgbọ́n èyí dun ọkùnrin náà wọra. Ó bínú díẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ náà, ó sì bínú púpọ̀ sí sípíríǹgì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ aráyé rí: ẹni tó fi wá ṣẹ̀sín kọ́ là ń bá jà, ara wa là ń lọ bá wí.

Ó wa ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì nílùú. Mẹkáníìkì ní kí òun tú àwọn ewé náà, kí òun fi iná dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà, kí òun sì fi gírísì sáàárín wọn. Ọkùnrin náà kọ̀. Ó nàka sí lọ́rì kan tó ti kú sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

"Ti lọ́rì yẹn ni kó o tú wá fi sí i. Mi ò fẹ́ kó tẹ̀ mọ́ láyé."

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín máa le o."

"Líle náà ni mo ń wá."

Wọ́n gé ewé lọ́rì, wọ́n tò ó, wọ́n fi bóòtù dè é pinpin. Àwọn ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ọkùnrin náà kó wọn dà sí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ abúlé, nítorí kò sí irin tí alágbẹ̀dẹ fẹ́ràn láti fi rọ àdá bí ewé sípíríǹgì.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kó kòkó, ó ní kí wọ́n di ẹrù náà dé òrùlé. Ìdí ọkọ̀ kò wọlẹ̀ rárá. Àwọn ọ̀dọ́ dìde dúró wò ó, ẹnikẹ́ni kò bèèrè ẹyin. Inú rẹ̀ dùn dọ́ba. Lóòótọ́, orí rẹ̀ ń gbá òrùlé ọkọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn sì ń ro ó bó bá délé. Lóòótọ́, àwọn tó máa ń bá a wọkọ̀ ti ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ní àwọn fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé ọkọ̀ yìí ti ń lu èèyàn. Ó dá a lóhùn pé èèyàn ni kò le tó.

Nígbà tí òjò dé, ìyá rẹ̀ yọ̀ ṣubú lórí àpáta tí wọ́n ń sá kòkó sí. Egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Ìyá yìí ló pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ òkè náà nígbà tí ibà fẹ́ pa á ní kékeré, tí kò tíì sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Nísinsìnyí ó kan ọmọ láti gbé ìyá. Wọ́n tẹ́ fóòmù sẹ́yìn jíìpù, wọ́n gbé e sí i, ọkùnrin náà sì wakọ̀.

Ní kòtò àkọ́kọ́, ìyá ké. Ọmọ rọra wakọ̀. Ní kòtò kejì, ó tún ké. Ọmọ ń wakọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin, síbẹ̀ gbogbo òkúta tí táyà bá gùn ni ọkọ̀ ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún egungun ìyá náà.

"Àkàngbé," ni ìyá wí, "sọ̀ mí kalẹ̀."

"Ẹ fara dà á, Màámi, a ti ń sún mọ́ ọn."

"Sọ̀ mí kalẹ̀, mo bẹ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ikú ni, jẹ́ kó wá bá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ara ti máa rọ̀ mí."

Ọkùnrin náà pa ọkọ̀. Ó gbé orí lé sítíárìn ọkọ̀, ó sunkún. Jíìpù tó ń gbé kòkó gbogbo abúlé láìmira, kò lè gbé ìyá kan ṣoṣo.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló gbọ́ igbe ìyá náà, tí wọ́n sáré wá. Wọ́n gé ọparun, wọ́n so aṣọ mọ́ ọn, wọ́n gbé ìyá náà lé èjìká. Bí ọ̀nà bá dà gẹ̀rẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn a tẹ orúnkún. Bó bá gòkè, àwọn tó wà níwájú a tẹ tiwọn. Ìyá kò ké mọ́. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ òkè, ó ti ń tòògbé. Wọ́n bá a dé ọsibítù, àwọn dókítà to egungun náà, ó sì ń jinná.

Ọkùnrin náà padà lọ bá alágbẹ̀dẹ, ó ní òun wá gba àwọn ewé òun. Alágbẹ̀dẹ wolẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti di àdá, àdá náà sì ti wà lóko olóko. Díẹ̀ ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ọkùnrin náà gbé wọn mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ó kó wọn lọ bá mẹkáníìkì, ó sì wá kiri títí tó fi rí àwọn mìíràn tó bá wọn mu.

Jíìpù náà ló gbé ìyá padà wálé. Ní kòtò àkọ́kọ́, ìyá di ìjókòó mú, ó pajú dé. Nígbà tó lajú, ó ní, "Àkàngbé, ta ló kọ́ ọkọ̀ rẹ níwà?"

Nígbà tí kòkó tún kún inú ọkọ̀, ìdí rẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bèèrè ẹyin. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n wá bá òun kà á.

Ọ̀rẹ́ mi, torí rẹ ni mo ṣe sọ ìtàn yìí. Mo mọ̀ pé àbúrò rẹ dalẹ̀ rẹ, mo sì mọ bí àwọn èèyàn ṣe fi ọ́ rẹ́rìn-ín pé o rọ̀ jù. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lo ti ń fi irin kún irin nínú ara rẹ. O wá ń yangàn fún mi láàárọ̀ yìí pé kò sóhun tó lè tẹ̀ ọ́ mọ́. Mo gbà. O lè gbé iṣẹ́, o lè gbé ìyà. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ ti ń fẹsẹ̀ rìn, ọmọ rẹ obìnrin kò sì jẹ́ sọ ohun tó ń dùn ún létí rẹ mọ́. Sùúrù àti àánú tó o kó dànù, àwọn lo fi ń rọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ tó ń gé ìyàwó àti ọmọ rẹ. Díẹ̀ ṣì kù. Dìde lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ lónìí, kí èyí tó kù náà tó di àdá.