Ìdí Tí Ráútà Kékeré Fi Ń Ké

Ní ayé ìgbà kan, kí irinṣẹ́ tó yadi, káfíńtà kan wà tó ń jẹ́ Ògúndíran. Nígbà náà, ayùn ń sọ̀rọ̀, òòlù ń sọ̀rọ̀, ìfági pàápàá ń dá sí ọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ohùn rẹ̀ dùn tó ti ráútà kékeré.

Ráútà yìí kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń gbé e, iná mànàmáná ló sì ń lò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi eyín rẹ̀ tó ń yí bírí dán etí pákó, kí etí tábìlì má baà ha ọmọdé lára. Ìbídùn, ìyàwó Ògúndíran, ló rà á ní owó pọ́ọ́kú fún ọkọ rẹ̀.

Ìbídùn kò bímọ, ó sì fẹ́ràn ráútà náà bí ọmọ. Bó bá ń gbá èérún pákó nílẹ̀, a máa bá a tàkúrọ̀sọ. Ráútà náà a máa sín in jẹ, títí ohùn àwọn méjèèjì fi jọra.

Nígbà tó yá, àìsàn dé, Ìbídùn sì kú.

Ògúndíran kò lè jẹun. Kò lè ṣiṣẹ́. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó káwọ́ lérí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣàdéédé gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́:

"Bàálé mi, ẹ wá jẹun o. Ó ti ń tutù."

Ráútà ni. Ògúndíran sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dìde lọ jẹun. Láti ìgbà náà, ráútà ló ń pè é sídìí oúnjẹ.

Ó gbẹ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sára pákó àfàrà, ó rì í mọ́ orí ibojì. Ikán jẹ ẹ́. Ó gbẹ́ òmíràn, ikán tún jẹ ìyẹn náà.

"Idẹ ni mà á lò," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ pa rẹ́."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ idẹ wọ́n, apá rẹ̀ kò ká a. Ló bá kan apá irin kan tó ń lọ síwá sẹ́yìn, ó ní òun yóò de ráútà mọ́ ọn láti fi gbẹ́ idẹ náà.

Ìfági ní, "Ọ̀gá, etí pákó ni wọ́n ṣe ọmọ yìí fún. Idẹ yóò pa á."

Ògúndíran wojú ráútà. "Ṣé wàá lè ṣe é fún mi?"

"Nítorí ìyá mi, mà á ṣe é," ni ráútà dáhùn. "Àmọ́ ẹ ṣèlérí fún mi. Bí ara mi bá gbóná tí mo bá pè yín, ẹ paná, kí n sinmi."

"Mo ṣèlérí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde. Ráútà ní, "Ọ̀gá, ó gbóná." Ògúndíran paná, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ara rẹ̀ fi tutù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, títí ó fi ku lẹ́tà ìkẹyìn. Orúkọ náà ń dán nínú oòrùn, Ògúndíran kò sì lè gbójú kúrò lára rẹ̀ mọ́.

"Ọ̀gá, ó gbóná."

"Ó ku díẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ó ń jó mi nínú."

"Fara dà á, ọmọ mi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Ìfági kígbe láti orí pẹpẹ, "Ẹ paná! Ẹ mà paná!"

Ṣe ni Ògúndíran tún ti apá irin náà síwájú.

Ráútà bá han goooro! Kì í ṣe ọ̀rọ̀. Igbe lásán ni. Ògúndíran sáré paná, èéfín ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Lára idẹ, orúkọ náà pé: ÌBÍDÙN.

Ó tú ráútà sílẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà, bó tilẹ̀ ń jó o. Nígbà tó tutù, ó tan án.

"Kékeré, dá mi lóhùn."

Igbe.

"Pè mí wá jẹun. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Igbe ni.

Ògúndíran gbé idẹ náà lọ sórí ibojì. Ikán kò lè jẹ ẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó kí ìfági, ìfági kò dáhùn. Ó kí ayùn àti òòlù, kò sí èyí tó lanu. Wọ́n ti rí ohun tí ìlérí èèyàn jẹ́.

Àtọjọ́ náà ni irinṣẹ́ kò ti bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Àtọjọ́ náà sì ni ráútà kékeré ti ń ké ní kété tí wọ́n bá ti tan án, kódà kí eyín rẹ̀ tó kan nǹkan kan, tí àwọn tó ń lò ó sì ń di etí wọn. Ẹni tó bá dè é mọ́ apá irin láti fi gbẹ́ idẹ, ó di dandan kó máa dá a dúró, kó máa gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lára wò bóyá ó ti gbóná, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ pé ó ń dun òun.