Ìlà Tó Tẹ́jú Láti Ìwó dé Ìbàdàn
Alàgbà Fọlárànmí, tó ni oko adìyẹ kan lẹ́bàá Ìwó, gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Sùfíyánù awakọ̀ rẹ̀, ó sì na bébà tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tẹ̀ jáde sí i lójú: “Wo bí ìlà yìí ṣe tẹ́jú fún wákàtí kan gbáko! O páàkì, o sùn. Àfi kí o fi bébà yìí kan náà wẹ ara rẹ mọ́, òpè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ ti bọ́.” Sùfíyánù, tí kò kọjá ìwé mẹ́fà, dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní: “Ẹ má bínú, sà. Nígbà tí à ń kó ẹyin sínú ọkọ̀ nínú ọgbà yín lánàá, ibo ni ìlà wà?” Ọ̀gá fi ìka kan ìsàlẹ̀ bébà. “Nígbà tí mo jáde ní géètì ńkọ́?” “Ó gòkè.” “Ṣé ó tún padà sísàlẹ̀ kí n tó dé Ìbàdàn?” “Ẹ̀ẹ̀kan péré, fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, lẹ́yìn wákàtí tó tẹ́jú yẹn.” “Ìyá arúgbó kan ló ru igi, tó ń sọdá títì, mo sì dúró dè wọ́n. Eré ọkọ̀ ni bébà yìí ń yà, sà, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ wà. Ìlà ọkọ̀ tó dúró á sùn sílẹ̀. Tèmi tẹ́jú lókè, torí eré kan náà ni mo ń sá. Ẹyin kò fẹ́ bíréèkì òjijì.” Ọ̀gá fi ìka tẹ̀lé ìlà náà dé òpin. “Mélòó ló fọ́?” “Ẹyọ kan kò fọ́, sà.” Alàgbà dìde lórí àga, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún un.