Àkísà Ìyá Ìsẹ́yìn

Fẹ̀hìntọlá mọ aṣọ rán. Òun ni gbogbo àdúgbò ń gbé aṣọ ìyàwó fún. Nítorí náà, nígbà tí àìsàn dé bá ọmọ rẹ̀, Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ ọdún mẹ́ta, abẹ́rẹ́ àti òwú ló kọ́kọ́ sá bá.

Àwọn dókítà ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ iṣan ńlá ní àyà ọmọ náà, kí oògùn lè máa gba ibẹ̀ wọlé fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n yé gún un lábẹ́rẹ́ káàkiri. Apá kan rọ́bà náà wà nínú ara, apá kejì ń fì níta, Moyọ̀sọ́rẹ sì sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Ó ti fà á yọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ní láti gbé e padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní bó bá tún yọ, ẹ̀jẹ̀ lè dà, àìsàn mìíràn sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rù ba ìyá ọmọ débi pé oúnjẹ ò gbádùn mọ́ ọn lẹ́nu mọ́.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹ̀wù kéékèèké tó ní àpò láyà, tí rọ́bà náà á máa wà nínú rẹ̀. Ó fi ańkárá tuntun rán ọ̀kan. Ó le bíi páànù, ọmọ bọ́ ọ jù sílẹ̀. Ó fi léèsì rán òmíràn, ó ń yún un lára. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀wù fi pé mẹ́sàn-án. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó kù ní wọ́ọ̀dù ń dápàárá pé, "Ìyá Moyọ̀, àṣé ọmọ yín ti láṣọ ju bàbá ẹ̀ lọ." Inú Fẹ̀hìntọlá ń dùn, nítorí pé, ká má parọ́, ó fẹ́ràn ìyìn.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ìyá rẹ̀ wá kí wọn láti Ìsẹ́yìn, Fẹ̀hìntọlá wọ ẹ̀wù àrán fún ọmọ, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀ pinpin. Ooru mú Moyọ̀sọ́rẹ. Ó di ẹ̀wù náà mú, ó ń fà á, ẹ̀wù sì ń fa rọ́bà tó wà nínú àpò. Ọpẹ́lọpẹ́ Nọ́ọ̀sì Awóyẹmí tó sáré di rọ́bà mú, tó sì rọra tú bọ́tìnnì. Rọ́bà kò yọ, àmọ́ díẹ̀ ló kù. Fẹ̀hìntọlá jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Ìyá Ìsẹ́yìn wo ẹ̀wù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó ní, "Fẹ̀hìntọlá, ọmọ lo ránṣọ fún àbí àwọn tó ń wò ó?"

Màmá bá fa ìró àdìrẹ kan yọ nínú àpò rẹ̀, èyí tó ti gbó débi pé èèyàn lè fi wo oòrùn. "Èyí ni mo fi pọn ẹ̀yin márààrún. Gé e, kó o rán an."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á ní mo wọ àkísà fún ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá."

"Jẹ́ kí wọ́n wí. Aṣọ tí ò tíì gbó ò tíì mọ ara èèyàn."

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, Fẹ̀hìntọlá fi ọwọ́ rán an. Kò fi bọ́tìnnì kankan sí i, okùn rírọ̀ méjì péré ló fi sí ẹ̀gbẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ wọ̀ ọ́, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra èjìká ẹ̀wù náà, ó sì gbàgbé pé òun wọ nǹkan kan. Kò fọwọ́ kan rọ́bà náà mọ́ títí oṣù mẹ́ta fi pé, tí dókítà fúnra rẹ̀ yọ ọ́.

Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí ni gbogbo ìyá ọlọ́mọ ní wọ́ọ̀dù, tí ọmọ tiwọn náà ní rọ́bà láyà, ti ń wá àkísà kiri. Wọ́n tú báàgì, wọ́n tú àpótí ilé, aṣọ tuntun ló kún ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti pẹ́ láyé tó láti ní aṣọ tó gbó báyẹn. Fẹ̀hìntọlá alára, tó ní odidi ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ìyá rẹ̀ ló tún lọ bẹ̀ fún òmíràn. Ni kálukú bá tẹ ìyá tirẹ̀ láago, àwọn màmá sì ń wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, tàwọn ti ẹrù àkísà lórí.

Ẹlòmíràn lè ní òwe tí a fẹ́ pa yìí ti wà kí wọ́n tó bí Ìyá Ìsẹ́yìn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni ní wọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n á sọ fún yín pé ọjọ́ tí àwọn màmá ru àkísà wọlé ni wọ́n ti ń pa á lówe pé, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.