Orúnkún Àwẹ̀ró, Àtàǹpàkò Ògúndíran

Ní ìlú Ìgbómọ̀, kò sí amọ̀kòkò tó lè dúró níbi tí Àwẹ̀ró bá wà. Bó bá gbé amọ̀ kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa yí i po, á máa fọwọ́ tún un ṣe títí ìkòkò yóò fi yọjú. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́rin, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń dùn ún. Bó bá dìde, wọ́n á ró kẹ́kẹ́kẹ́. Kò sọ fẹ́nì kan. Ó ní ara tó ń dàgbà ni, ó fi ọ̀já dì wọ́n lábẹ́ ìró, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Àbúrò rẹ̀ ni Ògúndíran, olórí ọdẹ. Lọ́dún yẹn, ẹkùn kan ń da ìlú láàmú. Ó pa ewúrẹ́, ó pa àgùntàn, ó wá ya obìnrin kan lápá lọ́nà odò. Ọba ní kí ọdẹ jáde. Inú Ògúndíran dùn dé góńgó! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe àsè ọdẹ, tí wọ́n ń jẹ ẹran ìgbẹ́ tẹ̀dọ̀tẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń da ọtí ọkà sọ́fun.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wọgbó, igbe gba agbo ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o! Iná wà lẹ́sẹ̀ mi!"

Àwẹ̀ró sáré dé ọ̀dọ̀ Ògúndíran. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wú, ó pọ́n bí ẹyìn, aṣọ lásán kò gbọdọ̀ kàn án. Àwọn ará ilé ń pariwo pé ọ̀tá ló mú un tẹ oògùn.

"Oògùn kọ́!" Àwẹ̀ró dáhùn. "Àrùn oríkèé ni, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ gbé omi gbígbóná wá!"

Ó fi òrí pa á, ó sì ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ògúndíran ké tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ fi fò kúrò lágbàlá.

Wọ́n sáré pe Ọ̀sányìnbí, arúgbó oníṣègùn. Bàbá wo ẹsẹ̀ náà.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Àárọ̀ yìí, Bàbá. Lánàá mo ṣì ń jó!"

"Kí lo jẹ?"

Nígbà tí wọ́n kà á sílẹ̀ fún un, Bàbá mi orí. "Ohun kan bí iyọ̀ ló dì sínú oríkèé rẹ, ó mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀dọ̀ àti ọtí ló ru ú sókè. Ta ló wá ń fi ooru kún iná?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo rò pé ohun tó ń ṣe mí ni…" Àwẹ̀ró yára dìde kó lè lọ bu omi tútù.

Kẹ́kẹ́kẹ́! Gbogbo ilé gbọ́.

"Jókòó, Àwẹ̀ró," ni Bàbá wí. "Ọlọ tí a fi ọgbọ̀n ọdún lọ ata, ṣé kì í gbó ni? Ohun múlọ́múlọ́ tó wà láàárín egungun orúnkún rẹ ló ń gbó, tó ń fẹ́lẹ́ sí i. Tìrẹ ń yọ́ bọ̀ lọ́dọọdún. Ti àbúrò rẹ já wọlé bí olè. Oríkèé ni méjèèjì ń bá jà, àmọ́ àrùn kan náà kọ́."

Omijé bọ́ lójú Àwẹ̀ró. Ẹnì kan ti mọ ohun tó ń ṣe é!

"Bàbá, ṣé mo ṣì lè mọ ìkòkò?"

"Wàá mọ ọ́n! Gbé amọ̀ sórí ìtì igi, kí o jókòó sórí àpótí. Ooru yẹ orúnkún tìrẹ. Máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kí itan rẹ lè lágbára. Kò ní padà di ti ọmọge, ṣùgbọ́n kò ní so ọ́ mọ́lẹ̀. Ìwọ ọdẹ, aṣọ tútù, ìsinmi, omi mímu lọ́pọ̀lọpọ̀. Fi ẹ̀dọ̀ àti ọtí sílẹ̀!"

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ògúndíran tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kò dùn ún mọ́. Ó wọgbó. Oṣù méjì ni wọ́n fi lépa ẹkùn náà kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọ̀lú, ìlú mì tìtì! Àwẹ̀ró fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹnubodè, ó ń jó, kò di ọ̀já kankan.

"Àwẹ̀ró!" ni àwọn obìnrin kígbe. "Ṣebí àbúrò rẹ lò ń tọ́jú? Báwo ni ìwọ ṣe wá le koko báyìí?"

"Òun ni mo jókòó tì," ó dáhùn, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀, "àṣé ara mi ni mo ń wò!"

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, ibi tí a ti ń wo olókùnrùn la ti ń wo ara ẹni.